Èèpo Pọ̀ Ju Epo Lọ

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni mo kọ́kọ́ pàdé Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró Àjíṣọlá. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pàdé. Ó wa ọkọ̀ náà wọ inú ọgbà wa lẹ́yìn òpópónà Ọba Akran, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró tì í bí ọkọ ìyàwó tí ń retí ayàwòrán. A kí i. Kò dáhùn. Ó na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n òun ni, kí a kọ́kọ́ kí ìyẹn ná.

A kí ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni ó tó dá wa lóhùn.

Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Àjíṣọlá. Àwa ará ọgbà, tí a kì í jẹ́ kí orúkọ pẹ́ lára ènìyàn kí a tó tún un rán, sọ ọ́ di Àjíṣíbọ́nẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ náà tó ṣú. Òun pẹ̀lú ní oríkì tí ó ń kì fún ara rẹ̀ nígbàkígbà tí kò bá sí ẹni tí yóò bá a kì í: Ẹ̀fúùfù Ọba Akran, Ọkọ Tọ́bò, Èéfín tí ó ti dé Maryland kí táyà tó kúrò ní Allen.

Ìdílé Àjíṣọlá ni ó ni ọgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ń gbé ní Agége kí ọkọ̀ ojú irin tó mọ ibi tí yóò gbà kọjá. Ó kéré tán, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Alhájà Fatimah, àbúrò bàbá Olúgbénró, ni olórí ẹbí, òun ni ó sì ń pàṣẹ lórí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí a yá. Olúgbénró kò ní àṣẹ kankan níbẹ̀. Orúkọ ni ó ní, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí ó ni ilẹ̀, ilé àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ọkọ̀, tọ́bò ni ẹ̀rọ kan tí ó ká kòrókòró bí ìgbín, tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Ọkọ̀ tí ó bá ní in a máa sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Iná tí ó rí afẹ́fẹ́ tí kò rí epo a máa gbóná títí yóò fi jó ilé tí ó ń gbé. Olúgbénró ti yọ tọ́bò tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó sì fi òmíràn sí i tí ó tóbi tó ìkòkò ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ epo ni ó kù.

Olúwafúnkẹ́mi Ògúnlànà ni ó ń ṣe iṣẹ́ epo nínú ọgbà wa. Ọmọ Èkìtì ni, ó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun gbà á. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni tábìlì irin kan wà tí a fi símẹ́ǹtì rì mọ́lẹ̀, lórí èyí tí ó ti ń dán nọ́sùlù wò, ìyẹn àwọn ẹnu tóóró tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí tábìlì yìí ni àwọn onímọ́tò ṣe ń ti Aláúsá àti Agége wá. Kò ṣeé tú, kò ṣeé gbé. Ẹni tí ó bá lé Fúnkẹ́mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

“Ẹnjiníà,” ni Olúgbénró wí fún un, “mo fẹ́ kí o bá mi gbé ètò epo ọkọ̀ yìí ga. Gíga tó ga.”

“Kò le, Ọ̀gá. A máa pààrọ̀ pọ́ǹpù, a máa pààrọ̀ nọ́sùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó wá tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tò kí ó lè mọ̀ wọ́n.”

“Pọ́ǹpù yẹn, àwọ̀ wo ló ní?”

“Dúdú.”

“Kò sí pupa?”

“Ọ̀gá, inú táǹkì ló ń gbé, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Inú epo ló ń wẹ̀ sí.”

“Ṣé ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní rí i ni?”

“Àfi tó bá mọ odò wẹ̀.”

Olúgbénró ronú. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo àga ẹ̀yìn, ó tún wo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Nígbà náà, kí ló ń ṣe fún mi?”

“Ẹ̀dọ̀ yín náà, Ọ̀gá, ta ló ń rí i?”

“Ẹ̀dọ̀ mi kò ná mi ní kọ́bọ̀.”

Ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ. Nígbà tí a ó fi tún rí i, ọkọ̀ náà ti di ohun àwòyanu. Họ́ọ̀sì pupa gba ibí, họ́ọ̀sì pupa gba ọ̀hún. Èmi tí mo ń ta bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù kejì tọ méjì nínú wọn títí, mi ò rí ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ti fi irin dídán bo orí nọ́sùlù àtijọ́. Ó ti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹwà, débi pé aláǹgbá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Olórí gbogbo rẹ̀ ni géèjì ńlá kan tí ó dè mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pá rẹ̀ pupa, tí ó sì ń tọ́ka sókè.

“Agbára epo nìyẹn,” ni ó wí. “Ẹ wo bí ó ti dúró. Kò mì.”

Kò mì lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́ka sókè. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó ń tọ́ka sókè. Ènìyàn tí ó ní ìtìjú ni wá. A kò bèèrè ìbéèrè.

Ìyìn ni ó ba ọkùnrin yìí jẹ́, nítorí àwọn tí ó fi ọkọ̀ náà hàn ní Allen yìn ín kọjá bí ó ti yẹ. Wọ́n ní kí ó bá àwọn náà ṣe irú rẹ̀. Ojúkòkòrò, tí ó ti ń sùn nínú rẹ̀ láti kékeré, jí, ó sì na apá. Olúgbénró kéde pé òun yóò máa ta ètò epo tí a ń pè ní Àjíṣọlá Ìpele Kẹta.

“Kí ló wà nínú ìpele kejì?” ni mo bi í.

“Kò sí ìpele kejì. Kẹta ló dùn ún gbọ́ létí.”

Ṣùgbọ́n oníṣòwò ńlá gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí ó wọ̀ ọ́ lójú nínú gbogbo ọgbà ni èyí tí tábìlì wà nínú rẹ̀. Ó tọ Alhájà Fatimah lọ, ó sì sọ fún un pé obìnrin Èkìtì yẹn kò mọ iṣẹ́, pé ọmọ ẹbí kan ti dé wàyí tí yóò fi iṣẹ́ epo gbé orúkọ Àjíṣọlá dé òkè òkun.

Kí Alhájà tó fèsì rárá ni ó ti pe Ṣínà, ẹni tí ń kọ pátákó, lórí fóònù. Ṣínà kì í fi àmì ohùn ṣeré. Bí o bá pe ọ̀rọ̀ fún un, bí o ti pè é gẹ́lẹ́ ni yóò kọ ọ́. Olúgbénró ẹ̀wẹ̀, bí ara rẹ̀ bá ti wú, a máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa agbádá sí èjìká, a sì máa rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó lè dún bí ohùn ọlọ́lá. Ó ní kí Ṣínà kọ ọ́ pé òun ni ọba epo. Ó fa epo yẹn, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́, títí ó fi di nǹkan mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bá a lára ògiri, ní lẹ́tà tí ó ga tó ọmọdé: ÀJÍṢỌLÁ, ỌBA ÈÈPO.

Inú rẹ̀ dùn. Ó wo àwọn àmì orí lẹ́tà náà. “Mo fẹ́ràn àwọn iná kéékèèké orí rẹ̀ yẹn,” ni ó wí. “Wọ́n bá ọkọ̀ eré mu.”

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọkùnrin méjì fi ya wọlé láti ìhà Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èèpo iṣu là ń wá. Bí ti ẹ̀gẹ́ bá wà, a máa gbà á.”

“Ẹ̀gẹ́ wo?”

“Ti ewúrẹ́ ni. Wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ọba èèpo?”

Fúnkẹ́mi gbé ohùn sókè láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Àwọn ni. Kò sí èèpo tí wọn ò ní. Ohun tó wà nínú èèpo nìkan ni wọn kì í tà.”

Ẹlòmíràn ìbá pa àkọlé náà rẹ́. Àjíṣọlá Ọba Èèpo kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká.

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ò gbọ́ òwe? Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.”

“Ẹ̀yin ni ẹ máa yó, Ọ̀gá,” ni Fúnkẹ́mi dáhùn. “Ọkọ̀ yín lebi máa pa.”

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Alhájà Fatimah fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọgbà. Obìnrin tí Ọlọ́run fún ní ara ni; ó jókòó lórí àga onígi kan, àga náà sì dún bí ẹni tí ń tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ ẹjọ́ Olúgbénró dópin. Ó gbọ́ ti Fúnkẹ́mi, ẹni tí ó ṣàlàyé pọ́ǹpù, nọ́sùlù àti tọ́bò débi pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

“Fúnkẹ́mi, ìwọ sinmi ná,” ni Alhájà wí. “Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ pọ́ǹpù. Gbénró, o ní o mọ iṣẹ́ yìí ju obìnrin yìí lọ?”

“Alhájà, mo mọ̀ ọ́n débi tó sú mi.”

“Ó dáa. Lọ́jọ́ Àìkú, gbé mi sínú ọkọ̀ yẹn níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí o bá gbé mi láti géètì àgbàlá kan dé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, tí o gbé mi bọ̀, tí ọkọ̀ ò kú lọ́nà, ṣọ́ọ̀bù di tìrẹ. Bó bá kú, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu rẹ mọ́.”

“Ó ti parí, Alhájà. Ẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.”

Nígbà tí wọ́n lọ, Fúnkẹ́mi padà sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró ti tábìlì rẹ̀, ó ń fi àkísà nù ún níbi tí kò dọ̀tí.

“Ẹ̀rù kò yẹ kó bà ọ́,” ni mo wí fún un. “Pọ́ǹpù àtijọ́ ló ṣì wà nínú ọkọ̀ yẹn.”

“Ọ̀nà náà ló kúrú jù,” ni ó dáhùn. “Ká ní Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ, mi ò bá máa kọrin. Pọ́ǹpù tó ń kú lọ lè parọ́ fúngbà díẹ̀. Bó bá parọ́ lọ, tó parọ́ bọ̀, níbo ni mo fẹ́ gbé tábìlì yìí lọ?”

Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ó kù ọ̀la, ó tọ Olúgbénró lọ. Ó ní nítorí àgbàlagbà tí yóò wọ ọkọ̀ náà ni.

“Ọ̀gá, ó kéré tán, ẹ ra epo kún táǹkì. Epo ló ń tu pọ́ǹpù lára. Bí epo bá wà nísàlẹ̀ nìkan, á gbóná, á sì daṣẹ́ sílẹ̀.”

Olúgbénró rẹ́rìn-ín. “O fẹ́ kí ọkọ̀ mi wúwo. Mo ti mọ̀ ọ́. Ọkọ̀ eré kì í ru ẹrù.”

Àgbàlá ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tí ó ti kógbá sílé ní Ògbà ni wọ́n lò. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ni símẹ́ǹtì, láti géètì títí dé ògiri ẹ̀yìn. Àwọn tí ó fẹ́ ra Ìpele Kẹta wá, àwa ayálégbé wá, àwọn tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú wá nítorí pé wọ́n rí èrò. Olúgbénró wọ agbádá léèsì funfun. Ó ti háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fi ẹnu ẹ̀rọ náà kékeré kan há ọrùn aṣọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdánù ọgbọ́n rẹ̀ bí ó ti ń wakọ̀ lọ.

Àgbà kì í jókòó níwájú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Alhájà Fatimah, ó sì jókòó sí àárín gbùngbùn àga ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà, tí ó ti sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tún kí ilẹ̀ dáadáa.

Olúgbénró tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Táyà ké, èéfín sọ, ọkọ̀ náà fò kúrò ní géètì. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Mo wo Fúnkẹ́mi. Kò wo ọkọ̀, ilẹ̀ ni ó ń wò. Ọkọ̀ dé ògiri ẹ̀yìn láìkú. Ó yípo. Ó kọjú sí wa, ìdajì iṣẹ́ ti parí, ohùn Olúgbénró sì ń jáde nínú gbohùngbohùn bí ohùn ẹni tí ó ti gba kọ́kọ́rọ́:

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ìpele Kẹta nìyí. Tọ́bò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní iná.”

Ó fún un. Ohùn Alhájà ni a gbọ́ lẹ́yìn náà.

“Gbénró, kí ló ń ké lábẹ́ ìdí mi?”

“Ọkọ̀ ló ń mí, Alhájà.”

“Ó ń mí bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́run.”

Ọkọ̀ náà wúkọ́. Ó ta kìjí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́, ó sì kú sí àárín àgbàlá. Gbohùngbohùn nìkan ni kò kú.

“A ti dé ni?”

“Ó ń sinmi ni, Alhájà. Ọkọ̀ alágbára máa ń sinmi.”

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó tún un yí. Ọkọ̀ kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Nínú èrò, ẹnì kan kígbe pé, “Gbá táǹkì!” nítorí kò sí awakọ̀ ní Èkó tí kò mọ oògùn pọ́ǹpù tó fẹ́ kú: a ó gbá ìdí táǹkì láti ìsàlẹ̀, yóò sì ta jí bí ọmọ tó sùn ní kíláàsì. Àwọn méjì sáré lọ láti gbá a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n na ọwọ́. Ọkọ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ohun tí kò gba aláǹgbá kò lè gba bàtà.

“Ọ̀nà kan ló kù, Ọ̀gá,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó sì fi ojú tọ́ka sí àga ẹ̀yìn. “Láti òkè.”

A gbọ́ bí Olúgbénró ti gbé itọ́ mì. Gbogbo Ògbà ni ó gbọ́ ọ.

“Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀.”

“Kí n sọ̀ kalẹ̀?”

“Rárá, mà. Kí ẹ dìde díẹ̀, kí ẹ wá tún jókòó. Kí ẹ fi agbára jókòó.”

“Gbénró, ṣé orí rẹ pé?”

“Nítorí orúkọ ẹbí ni, Alhájà.”

Nítorí orúkọ ẹbí, Alhájà Fatimah dìde díẹ̀, ó sì jókòó. Ọkọ̀ ta jí. Èrò hó. Ó rìn bí ìwọ̀n ilé méjì, ó kú.

“Lẹ́ẹ̀kan sí i, Alhájà.”

Ó jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ rìn, ọkọ̀ kú.

“Ẹ má dúró, mà. Ẹ kàn máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé géètì.”

Ibẹ̀ ni sùúrù àgbà pin sí. “Kí ló wà lábẹ́ àga yìí gan-an?” ni Alhájà bi í, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀ tó ohùn ọba.

“Pọ́ǹpù ni.”

“Èyí tí o ń tà fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí?”

“Rárá, mà. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ni. Èyí tí mò ń tà… ohun tí wọ́n máa rí ni mò ń tà.”

Ìgbà yìí ni ó rántí pé ẹ̀rọ wà lọ́rùn òun. Ó fa á, kò já.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Aláúsá, ẹni tí ó ti fẹ́ gba Ìpele Kẹta fún ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀, lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Géèjì ńlá náà ń tọ́ka sókè tìdùnnútìdùnnú. Ó fi èékánná ta á. Ọ̀pá pupa náà ṣí kúrò, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Gúlúù,” ni ó wí, ó sì ń fi ìka ra á wò. “Kò tíì gbẹ dáadáa.”

Kò sí ẹni tí ó bá Olúgbénró jà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi lọ, ní mẹ́ta mẹ́ta, ní mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n ń dìde díẹ̀ tí wọ́n sì ń jókòó sórí afẹ́fẹ́ bí wọ́n ti ń jáde ní géètì. Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí bi Fúnkẹ́mi pé ọjọ́ wo ni òun lè gbé ọkọ̀ ìyàwó òun wá.

Wọ́n fa Alhájà jáde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wo àyíká títí ó fi rí ẹni tí ó ń wá.

“Fúnkẹ́mi.”

“Mà.”

“Tábìlì tí wọ́n ní kò ṣeé gbé yẹn, ṣé lóòótọ́ ni?”

“Lóòótọ́ ni, Alhájà. Símẹ́ǹtì ló dè é.”

“Kí ẹnikẹ́ni má gbé e nígbà náà. Wá gbé mi lọ sílé. Ṣé tìrẹ ní pọ́ǹpù?”

“Ó ní, mà. Ẹ ò lè rí i ni.”

“Mi ò fẹ́ rí i,” ni Alhájà wí. “Mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ọkọ̀ Ẹ̀fúùfù Ọba Akran ṣì dúró sí àárín àgbàlá. Ó yẹ kí a tì í. Àwa ará ọgbà tí a kù ká ọwọ́ aṣọ sókè, a sì lọ sẹ́yìn rẹ̀. Olúgbénró tún wọ inú ọkọ̀ lọ, ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ dáadáa kí ó má baà rún. Kò sí ẹni tí ó tíì rántí pa gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ jáde láti ara ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

“Ẹ fi aṣọ bo ọwọ́ yín kí ẹ tó tì í. Ọ̀dà yẹn, òyìnbó ló kùn ún.”